Lyle Corvane, Aṣòfófó Inú Sinimá

Ẹran ni Lyle Corvane fẹ́ rà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń kó bá a. A jọ wọ ṣọ́ọ̀bù alápatà kan ní òpópónà Western lẹ́yìn iṣẹ́, èmi ń wá ẹ̀dọ̀ màlúù, òun ń wá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀. Alápatà wọn tèmi, ó dì í, ó kí mi. Nígbà tó kan Lyle, ó wọn ẹran náà, ó wo ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó gba owó rẹ̀, ó gbé e sókè síbi iná, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ayédèrú ni. Lyle gba ẹran rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dúpẹ́, ó jáde. Alápatà wá fara ti tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin yẹn o. Mo rí i lọ́jọ́ Sátidé, ó ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọlọ́pàá."

Ibi tó ti rí i ni gbọ̀ngàn sinimá tó wà ní ìkòríta kejì. Mo bi í bóyá kò mọ̀ pé eré ni. Ó ní òun mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè ṣe irú ìwà bẹ́ẹ̀ kó dùn tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo bú u díẹ̀, mo gba ẹ̀dọ̀ mi, mo lọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín: nígbà tí mo délé, mo tú báàgì mi wò bóyá gbogbo nǹkan mi pé, nítorí èmi àti Lyle la jọ jókòó nínú ọkọ̀ tó gbé wa wá.

Thelma Rourke lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Aṣọ ni gbogbo sítúdíò mọ̀ mí sí. Èmi ni mò ń tọ́jú aṣọ tí àwọn òṣèré ń wọ̀ níwájú kámẹ́rà, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ mi pé kí n má tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹni tó bá ní ìbàdí òun ò yí padà láti ọdún tó kọjá, mo máa ń kí i kú oríire, mo sì máa ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí ìlú wa ti rí nìyẹn. Ní Hollywood, kò sí ẹni tí kò ní ìgbésí ayé méjì: èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀, àti èyí tí ọ́fíìsì kọ fún un. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì máa sọ ẹ́ lórúkọ, wọ́n á fún ẹ ní bàbá tuntun, wọ́n á kó ọjọ́ orí rẹ dànù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Ta la fẹ́ fọkàn tán níbẹ̀?

Kazimir Hudak ni orúkọ tí ìyá Lyle sọ ọ́. Ìlú àwọn tó ń wa èédú ní Pennsylvania ni wọ́n ti bí i, inú ihò èédú ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Nígbà tó ṣì kéré, àwọn òṣìṣẹ́ ń pàdé ní bòókẹ́lẹ́ nítorí wọ́n fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń dé etí ọ̀gá. Wọ́n lé bàbá rẹ̀ níṣẹ́, wọ́n lé wọn kúrò nínú ilé, nítorí ilé-iṣẹ́ ló ni ilé. Ìgbà tí wọ́n ń kó ẹrù síta ni wọ́n tó mọ̀ pé Pavlik ni, aládùúgbò wọn, ẹni tó máa ń gbẹ́ ẹṣin onígi fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ohùn jẹ́jẹ́ ni Pavlik ní. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni pé tìrẹ nìkan ló jẹ ẹ́ lógún.

Lyle dé California lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1919. Sinimá ò tíì máa sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ni kó máa jábọ́ lórí ẹṣin, ó sì jábọ́ títí egungun èjìká rẹ̀ fi ń dun ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ní Hudak ò ṣeé kọ sára pátákó ìpolówó, wọ́n sọ ọ́ di Lyle Corvane, wọ́n ní oníṣègùn ẹṣin ni bàbá rẹ̀ ní Kentucky. Nígbà tí sinimá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn arẹwà ọkùnrin tí ohùn wọn ń han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo wábi gbà. Lyle tí kò lẹ́wà ló wá ń jẹun. Wọ́n ní kó wá ṣe ẹni tó ń ta ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣe Pavlik. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀dàlẹ̀ kankan nínú fíìmù wa tí wọn ò gbé fún un.

Ìyá rẹ̀ wo ọ̀kan péré. Ó dìde láàárín, ó lọ sílé. Nígbà tí Lyle lọ kí i lọ́dún Kérésìmesì, obìnrin náà ò jẹ́ kó jókòó kó tó bi í pé, "Mo mọ ẹni tí mo rí yẹn. Kí ló dé tí o gbà á sára?" Lyle fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, níbi tí mo ti ń gé etí ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní kí ló fi dá a lóhùn. Ó ní òun sọ fún un pé òun lòun ń lo Pavlik, pé Pavlik kọ́ ló ń lo òun.

Onílé tí Lyle gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń ti dúrọ́ọ̀ owó rẹ̀ pa. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ máa ń fa pọ́ọ̀sì mọ́ra. Lyle ò bínú sí wọn. Ohun tó ní ni àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tábìlì gígùn tá a ti ń jẹun ọ̀sán ní káńtíìnì, níbi tí gbogbo wa ti mọ̀ pé òun ló ń rántí ọjọ́ ìbí ọmọ oníná, òun ló ń gbé kọfí fún ẹni tó bá ní òtútù. Níbẹ̀ nìkan ni kò ti jẹ́ aṣòfófó.

Ọ̀rọ̀ wá di wàhálà lọ́dún 1938, nígbà tí à ń ṣe fíìmù àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté. Garrick Dunmore ni akọni. Ẹ mọ irú wọn, àgbọ̀n bí òkúta, eyín funfun, ẹnu dídùn. Delphine Ashby ni ìyàwó rẹ̀ nínú eré. Lyle, kí lẹ rò? Òun ló ń ta àwọn òṣìṣẹ́ fún ọ̀gá èbúté. Ottokar Brandl tó wá láti Vienna ló ń darí wa.

Obìnrin kan wà tó ń kọ òfófó àwa ará sinimá sínú ìwé ìròyìn àárọ̀, Miss Eunice Tolliver. Àwọn èèyàn máa ń kà á kí wọ́n tó kí ìyàwó wọn. A ṣàdédé rí i pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló ń kọ. Miss Ashby gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ọjọ́ kejì ó ti wà nínú ìwé ìròyìn. Miss Ashby sọ bàtà lu ẹni tó ń ṣe irun rẹ̀, ìyẹn náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Miss Ashby fi ojú wíwú wá síbi iṣẹ́, ìyẹn náà jáde, pẹ̀lú àbá lórí ohun tó mu. Gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, ibi tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì tí iná pupa tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé ń jó lókè rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. A jẹ́ pé inú ilé ni ọ̀tá wà.

Ọ̀gá pátápátá ní sítúdíò, Harlan Speer, ránṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kò sí sítúdíò kan ní ìlú yìí tó máa tún ṣí géètì fún un. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Lyle kún un: ọ̀sẹ̀ tí fíìmù yẹn máa parí ni àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ náà máa parí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ dọ̀tun, ó ń jẹun lọ. Bí wọ́n bá fura sí i, ó tán.

Bascom ló kọ́kọ́ ṣí ẹnu. Òun ni olórí àwọn oníná tó ń tan iná sára òṣèré, ènìyàn ńlá tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mi abọ́. Nídìí tábìlì ọ̀sán ló ti sọ ọ́, Lyle ń fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kí la tún ń wá kiri? A ò ní aṣòfófó níbí ni? A tiẹ̀ ń sanwó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lyle náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé àwọn kan ti dá ẹ̀rín dúró, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, "Èmi kọ́ o." Bascom pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ti fíìmù tó kọjá dùn ju èyí lọ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣe ọkùnrin yìí. Kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ pé "èmi kọ́" tí kò tíì tà fún wa. Ó ti fi ẹkún sọ ọ́. Ó ti fi ẹ̀rín sọ ọ́, ó ti fi ìbínú sọ ọ́, ó ti kúnlẹ̀ sọ ọ́ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ irọ́, àwa la tan iná sí i, àwa la rán aṣọ rẹ̀. Nígbà tó gbìyànjú lọ́jọ́ kejì láti fi ohùn líle sọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé kámẹ́rà rántí fíìmù tó ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi sùúrù bẹ̀ wọ́n, wọ́n rántí ìyẹn náà. Bó bá ti ń bọ̀ nídìí tábìlì, ọ̀rọ̀ á yí sí ojú ọjọ́. Nígbà tó yá, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí yàrá tó ti ń múra.

Èmi náà fura sí i, kí ẹ má rò pé mo sàn ju àwọn yòókù lọ. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń wo àpò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tóóró tó wà níwájú yàrá rẹ̀ ni tẹlifóònù wà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń fura sí i, mo ń fura sí Bascom náà, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ nàka, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kejì wà. Àwọn àgbà ní òfófó kò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Mo wá bi ara mi pé, ta ló ń dúpẹ́? Mo tún gbogbo òfófó náà kà, mo rí i pé Miss Ashby nìkan ni wọ́n ń tàbùkù. Ìjà wo ló sì wà lórí Miss Ashby? Orúkọ. Àwọn tó ń wò ó pọ̀ sí i, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé orúkọ rẹ̀ máa ga ju ti Dunmore lọ lára pátákó ìpolówó. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ti gbé lọ́dọ̀ wa lè rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Mo ti rí àwọn tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ nítorí pé lẹ́tà orúkọ ọ̀kan fi ìka kan tóbi ju ti èkejì lọ.

Mo dẹ pàkúté. Aṣọ ìgbéyàwó Miss Ashby wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo sọ fún Lyle pé Miss Ashby máa wọ ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin sábẹ́ rẹ̀ nítorí òtútù ilẹ̀. Mo sọ fún Bascom pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á, pé kò jẹ́ kí n fi píìnì kan kàn án. Nígbà tí Dunmore wá wọ kóòtù rẹ̀ wò, tó ń pè mí ní Ìyá Aṣọ rẹ̀ àtàtà, mo sọ fún un pé Miss Ashby ní kí n rán irun ajá rẹ̀ tó kú mọ́ etí aṣọ náà kó tó lè wọ̀ ọ́. Mo ti lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ Miss Ashby ṣáájú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo ní bó bá jáde, màá sọ ẹni náà fún un. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún mi, Ìyá Aṣọ. Mo ṣì ní láti fẹnu kò ó lẹ́nu lọ́jọ́ Túsìdeè."

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, irun ajá wà nínú ìwé ìròyìn.

Mo gé e, mo gbé e lọ bá Lyle ní yàrá rẹ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì òun nìkan níwájú dígí. Mo ní Dunmore ni. Mo rò pé á fò sókè. Ó kàn ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín sí irun ajá, ó sì dá a padà fún mi.

Ó ní, "Mo mọ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín yàrá wa. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù inú yàrá rẹ̀, tó ń bá Tolliver sọ̀rọ̀."

Inú bí mi débi pé mo jókòó sórí aṣọ tí mo ti lọ̀. Mo bi í pé kí ló wá ń dúró dè, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n lé e níṣẹ́ ni. Mo ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń ṣòfófó gba owó, òun ò ní í wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní eré kọ́ nìyí. Ó ń fi ìka ti ègé búrẹ́dì káàkiri inú àwo.

"Ìyá Aṣọ, nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wa síta, bàbá mi lọ bá Pavlik lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó bi í pé kí ló ṣe fún un. Ṣé ẹ mọ ohun tí Pavlik sọ? Ó ní òtítọ́ lòun sọ, òun ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ ni, kò parọ́. Bí mo bá lọ sọ ti Dunmore, òtítọ́ lèmi náà máa sọ. Àmọ́ ojú wo ni màá wá fi wo ìyá mi?"

Mo ní, "Tí wọ́n bá lé ẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Bóyá wọn ò ní í lé mi. Wọ́n ti mọ̀ mí tipẹ́."

Inú mi bàjẹ́ nígbà tó sọ ìyẹn, nítorí mo rí i pé ó gbà wá gbọ́. Òun tí gbogbo ayé ń fura sí, òun nìkan ni kò fura sí ẹnikẹ́ni.

Èmi ò ní Pavlik kankan. Mo gba ọ́fíìsì Harlan Speer lọ. Ó ní kí n jókòó, ó ka ohun tí mo mú wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irun ajá yẹn dùn, ó bi mí bóyá èmi ni mo rò ó. Mo ní Dunmore ni mo sọ ọ́ fún, mo ní kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ta lẹ rò pé ó ní kó máa pe Tolliver?"

Àwọn àgbà tó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, mo rò pé mo ti lo òwe yẹn tó láyé mi. N kò mọ̀ pé n kò tíì ka ẹ̀fà náà tán. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi láìyí ohùn padà, bí ẹni ń ṣàlàyé iye òjò tó rọ̀. Ó ní orí Miss Ashby ti ń wú, ó ní ó ti ń yan iṣẹ́ tó máa ṣe àti èyí tí kò ní í ṣe, pé àdéhùn tirẹ̀ náà máa dé orí tábìlì láìpẹ́, òun sì fẹ́ kí obìnrin náà fi ìrẹ̀lẹ̀ wá síbẹ̀. Dunmore ń fẹ́ kí orúkọ òun wà lókè. Ohun tí kálukú ń fẹ́ bára mu. Mo ní Lyle wá ńkọ́.

"Èmi kọ́ ni mo mú Lyle, Ìyá Aṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú un. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fura síra wọn, iṣẹ́ ń falẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹnì kan. Ojú rẹ̀ sì bá a mu."

Mo ní, "Ọmọlúàbí ni, ẹ sì mọ̀."

Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa sanwó wo ìyẹn?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n lọ sọ fún wọn ní káńtíìnì, òun ò dí mi lọ́wọ́. Mo sì lọ. Mo dúró nídìí tábìlì ọ̀sán, mo sọ gbogbo rẹ̀, irun ajá, pákó, tẹlifóònù. Bascom gbọ́ mi dé òpin, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé kí ni Lyle fún mi. Ẹnì kan ní Lyle ti rí agbẹjọ́rò. Òmíràn bèèrè bóyá a máa ṣègbéyàwó ni, èmi tí mo ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí eékún mi ń ké. Lójú tiwọn, akọni ò lè dalẹ̀. Wọ́n ti wo Dunmore nínú ogún fíìmù, kò tíì dalẹ̀ rí. Ẹ gbọ́, àwọn tó ń pa irọ́ náà fún ayé ló ń gbà á gbọ́ báyìí. Àwọn tó ń rọ òjò àtọwọ́dá láti inú táńkì, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ṣe yìnyín! Bí alápatà bá gbà á gbọ́, mo lè forí jì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí fún un, kó tó di pé mo sọ ti ọjọ́ ìkẹyìn. Wọn ò sọ àdéhùn rẹ̀ dọ̀tun. Kò sí sítúdíò tó gbà á. Ó lọ sí Fresno, ó ń ta fìlà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló kú sí lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ le, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kì í fún un ní kọ́kọ́rọ́. Miss Ashby fọwọ́ sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Orúkọ Dunmore wà lókè, ó tóbi.

Ọjọ́ ìkẹyìn fíìmù náà ni wọ́n ya ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ti ká aṣòfófó mọ́ inú ilé ìkẹ́rùsí. Mo ti sọ fún Lyle ohun tí Speer wí. Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Mo bá a wọ kóòtù, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bó ti máa ń ṣe. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, iná pupa jó. Dunmore dúró níwájú rẹ̀, àwọn ọkùnrin bí ogún yí wọn ká, Bascom wà lókè lórí àkàsọ̀ lẹ́yìn iná.

Dunmore sọ tirẹ̀: "Ìwọ lo tà wá."

Lyle wò ó. Kò tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Kò rẹ ohùn sílẹ̀, kò gbé e sókè. Ó wo Dunmore, lẹ́yìn náà ó wo àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ojú lọ sókè sọ́dọ̀ àwọn oníná, níbi tí òṣèré kankan kò gbọ́dọ̀ wò.

"Èmi kọ́. Ẹ mọ̀ mí. Mo fi ìyá mi búra fún yín, èmi kọ́."

Ó yẹ kí Dunmore fèsì. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Iná Bascom mì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe òṣìṣẹ́ èbúté ṣí fìlà, kò sì mọ̀ pé òun ṣí i. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbà á gbọ́. Mo fẹ́ pariwo pé ẹ wò ó, ẹ wò ó dáadáa.

Brandl ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rìn lọ bá Lyle, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ibi èjìká tó máa ń dun ún, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Lyle, kò rí bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń wò ó á gbà ẹ́ gbọ́. Tí wọ́n bá gbà ẹ́ gbọ́, a jẹ́ pé akọni ló jẹ̀bi. Jẹ́ kí irọ́ náà hàn díẹ̀."

Lyle bi í bó ṣe fẹ́ kí òun ṣe é.

"Bó o ṣe máa ń ṣe é."

Lyle mi orí pé òun gbọ́. Ó padà síbi àmì tí wọ́n fi ẹfun sí nílẹ̀ fún un. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, Dunmore tún sọ pé Lyle ló tà wọ́n, ohùn rẹ̀ sì ti padà. Lyle tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èmi kọ́. Mo fi ìyá mi búra."

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ẹni tó ṣí fìlà dé e padà. Brandl ní ó ti dára, èyí ni kí wọ́n lò. Láti òkè orí àkàsọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Bascom, ara ti tù ú.

"Ẹn-ẹ́n. Lyle tiwa nìyẹn."